Iṣẹ́ àárọ̀ ní ibùdó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìyá Tèmi, Kent

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ibùdó kan wà ní ìgbèríko níbí tó ń gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ àti ẹṣin tí wọ́n pa tì sílé. Kò sí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó níbẹ̀, gbogbo wa la yọ̀ǹda ara wa. Wọ́n ti fi mí sí iṣẹ́ àárọ̀ Sátidé. Lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n gba kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì tó jọ ń gbé tẹ́lẹ̀, tí àwọn méjèèjì sanra jù, àti ẹṣin kan tí egungun ìhà rẹ̀ ṣeé kà. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó pé: pòròpórò bálì ni oúnjẹ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún ẹṣin tó rù ní ju ìwọ̀n tí dókítà ẹran kọ lọ, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni ká tọ́jú kẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó sọ ìdí rẹ̀. Kí ni mo máa kọ́kọ́ ṣe, kí sì ni kí n máa wò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi.

Bàbá Ibùso

Ìyá Tèmi, ẹ kú ìmúra. Ẹ má tíì mú ṣọ́bìrì. Ẹ kọ́kọ́ dúró lẹ́nu géètì, kí ẹ wò wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó mọ̀ pé oúnjẹ dé. Ẹṣin tí inú ń run kì í fi pamọ́: á máa fẹsẹ̀ walẹ̀, á máa bojú wo ìhà, á máa yí gbiri. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ṣàìsàn tó le kó kàn dúró jẹ́ẹ́ ní kọ̀rọ̀, kó forí kọ́. Òmíràn á tilẹ̀ ki ẹnu bọ oúnjẹ, á máa mi àgbọ̀n bí ẹni ń jẹun, kò sì ní gbé nǹkan kan mì. Nítorí náà, ẹ wo èyí tó ṣẹ́kù nínú ibùjẹ, ẹ sì ka ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀.

Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò bá jẹun, ọjọ́ yẹn gan-an lẹ ó pe dókítà ẹran. Ẹ má dúró dọ̀la. Bí oúnjẹ bá ti dá, ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá náà á borí ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á sì dáṣẹ́ sílẹ̀. Hyperlipaemia lorúkọ rẹ̀. Àwọn tó sanra, àwọn tó lóyún àti àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò níbi tí ara wọn ti mọ́lé ló máa ń mú jù. Àwọn méjì yín yẹn wà nínú ewu yìí. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi gbọdọ̀ febi pa wọ́n nítorí kí wọ́n lè rù, tí ẹ ò sì gbọdọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ọ̀kan bá ń lọ sílé ìwòsàn, kí èkejì bá a lọ. Bí ọ̀kan bá kú, ẹ jẹ́ kí èkejì wà pẹ̀lú òkú náà títí tí yóò fi ṣí kúrò fúnra rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa wá a kiri, kò sì ní jẹun.

Ní ti pòròpórò: ilẹ̀ gbígbẹ Áfíríkà ni ìran kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti wá. Inú wọn lè yọ oúnjẹ jáde nínú ohun tí ẹṣin ò kà sí. Koríko tútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dùn jù fún wọn. Ó ń fún wọn ní ọ̀rá lọ́rùn, ó sì ń fa laminitis, ìyẹn wíwú inú pátákò tí kì í jẹ́ kí wọ́n lè tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó wọn kílò 180 nílò bíi kílò 2.3 sí 3.2 oúnjẹ gbígbẹ lóòjọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin jẹ́ pòròpórò, ìyókù jẹ́ koríko. Nígbà òtútù, ẹ pín in ní dọ́gba-n-dọ́gba. Àyàfi arúgbó tí eyín rẹ̀ ti bàjẹ́: pòròpórò lè dí i nífun, oúnjẹ gígé wẹ́wẹ́ tí a rẹ sómi ni tirẹ̀. Téèpù tí wọ́n fi ń mọ ìwọ̀n ẹṣin kì í sọ òótọ́ lára kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, tiwọn wà lọ́tọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wò wọ́n tán ni omi kàn (nígbà òtútù, ẹ fọ́ yìnyín orí rẹ̀), kí oúnjẹ tó tẹ̀ lé e. Ìgbẹ́ ló kẹ́yìn. Ti pápá, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó.

Alájá Ẹṣin

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ẹṣin tó rù, torí àánú ló máa ń pa irú wọn. Ẹṣin tí ebi ti pa pẹ́ ti jẹ ọ̀rá àti ẹran ara rẹ̀ tán. Bí ẹ bá gbé ọkà kún korobá fún un, insulin, èròjà tí ara fi ń darí ṣúgà, á gòkè lójijì, á wọ́ àwọn èròjà aṣaralóore bíi phosphate, magnesium àti potassium kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tó ṣẹ́kù ò sì ní tó ọkàn àti iṣan lò. Ó lè kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, nígbà tí gbogbo èèyàn ń yọ̀ pé ó ti ń jẹun dáadáa.

Ìlànà tó gbajúmọ̀ ni ti yunifásítì California tó wà ní Davis: alfalfa (irú ewéko kan tí wọ́n ń fi bọ́ ẹran) gbígbẹ eléwé, nítorí ṣúgà rẹ̀ kéré, phosphate àti magnesium inú rẹ̀ sì pọ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkẹta, bíi kílò 0.45 ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa dín iye ìgbà kù, tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ kẹfà, á ti tó bíi kílò 2 ní wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ. Kò sí ọkà rárá. Ohun tó ń ba ètò yìí jẹ́ níbi tí kò ti sí òṣìṣẹ́ olówó oṣù ni oúnjẹ aago méjì òru: ẹni tó yẹ kó wá ò wá, tàárọ̀ á wá fún un ní ìlọ́po méjì láti fi dí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ wọn ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n: òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn àpótí ìrìnàjò ti tó, ẹ fi àpò alásokọ́ kọ́ ọ. Bí dókítà yín bá kọ ohun mìíràn, tirẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Onípátákò

Bàbá Ibùso, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yẹn níbi tí ẹran púpọ̀ ti ń jẹko lórí ilẹ̀ kékeré. Lójoojúmọ́ ni. Ẹyin aràn ń ti inú ìgbẹ́ jáde di ọmọ aràn lórí koríko. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tún lè gbé aràn inú ẹ̀dọ̀fóró láìhúkọ́ rárá, kó sì fi ran ẹṣin tí wọ́n jọ ń jẹko, kí ẹṣin máa húkọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wò kí wọ́n tó jáde sí pápá.

Ìdí tí àwọn yẹn fi ń kẹ́yìn ni strangles. Bakitéríà ni, ó ń wú lábẹ́ àgbọ̀n, ó ń da ọyún, ó sì ń gba ara korobá, okùn àti ọwọ́ yín kọjá sára òmíràn. Kí wọ́n ní ṣọ́bìrì tiwọn, ìgbálẹ̀ tiwọn àti bárò tiwọn, kí gbogbo rẹ̀ ní àwọ̀ kan ṣoṣo kí ojú lè dá a mọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kí wọ́n fi dá wà, kí dókítà sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, torí èyí tó ti gbádùn lè ṣì máa tan àrùn náà kálẹ̀. Ibà ló máa ń ṣáájú ikun imú, nítorí náà, ẹ wọn ìgbóná ara wọn láàárọ̀ àti lálẹ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí ìwọ̀n Celsius, ti ẹṣin máa ń wà láàárín 37.5 sí 38.5, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kéré díẹ̀, 36.2 sí 37.8. Ẹni tó bá fi ìwọ̀n ẹṣin wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ á pe ibà ní àlàáfíà.

Ìyá Tèmi, Kent

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìgbà mélòó ni wọ́n ń gé pátákò? Òdòdó yẹ́lò kan sì wà lẹ́bàá ọgbà, wọ́n ní ká tu ú.

Onípátákò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́wàá ni gígé, ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni kó sì gé e. Tiyín ni kí ẹ máa fi ìkọ́ irin ha ìdọ̀tí rẹ̀ lójoojúmọ́, láti gìgísẹ̀ lọ síwájú. Bí ẹ bá rí ohun dúdú tó ń rùn ní àárín, ilẹ̀ ibi tí wọ́n dúró sí ti tutù jù. Irun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pàápàá kì í lé omi dànù bíi ti ẹṣin, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ibi tí wọ́n lè sá òjò sí ní gbogbo ìgbà. Bí ẹ bá ń so wọ́n, ẹ má lọ́ okùn mọ́ ọwọ́, kókó tó ṣeé fà tú lẹ́ẹ̀kan náà sì ni kí ẹ ta.

Òdòdó yẹn, bó bá jẹ́ ragwort, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fa á tu tòun ti gbòǹgbò kó tó so èso, ẹ má sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Tútù rẹ̀ korò, wọn kì í fẹ́ ẹ jẹ. Bó bá gbẹ, wọ́n á jẹ ẹ́, májèlé rẹ̀ kò sì lọ, ẹ̀dọ̀ ló ń bà jẹ́. Torí náà, ẹ máa tú koríko gbígbẹ wò kí ẹ tó pín in.

Bàbá Ibùso

Lójoojúmọ́ náà ni, Onípátákò, mo gbà. Ìyá Tèmi, ẹ tún bi wọ́n bóyá àwọn tuntun yẹn ní ìwé ìdánimọ̀ àti microchip, ìyẹn ohun ìdánimọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ. Láti October 1, 2020 ni òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti sọ microchip di dandan fún gbogbo ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, bó ti wù kó dàgbà tó.