Àfikún oúnjẹ tí ẹ gbé lọ sí láàbù: kí ni wọ́n bá nínú rẹ̀?

Òṣìṣẹ́ láàbù
Wíwọn èròjà inú àfikún oúnjẹ niṣẹ́ mi. A kì í mú hóró kan péré, torí hóró kan lè ní ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Hóró 20 la sábà máa ń lọ̀ pọ̀ kúnná, ká tó bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti atalẹ̀ pupa, a ó pò ó mọ́ methanol (irú ọtí kan), a ó sẹ́ ẹ, ó di inú HPLC, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó sì ń ya ṣóńṣó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣóńṣó mẹ́ta ló máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà: curcumin, ìyẹn èròjà tó ń mú atalẹ̀ náà pọ́n, ló ga jù, àwọn ìbátan rẹ̀ méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà kan, ẹnì kan gbé tiẹ̀ wá, ṣóńṣó kan ṣoṣo ló yọ, ó dá dúró gọn-ọn bí òpó. Iye curcumin pé géérégé. Àmọ́ èyí tó bá ti ara gbòǹgbò wá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń bá ara wọn rìn. (Èèyàn lè yọ méjì yòókù kúrò o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ náwó yẹn?) Mo kọ ọ́ sínú èsì pé ó jọ èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Oníbàárà fárí gá: iye lòun ní ká wọ̀n, òun ò béèrè ibi tó ti wá. Lóòótọ́, kò béèrè.

Agbérin
Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín bá tèmi mu. Mo gbé ìyẹ̀fun púrótéènì lọ, wọ́n ní ó pé, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Àbúrò mi tó ka kẹ́mísírì wo ìwé náà, ó rí Kjeldahl níbẹ̀ (orúkọ ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n nìyẹn), ló bá bú sẹ́rìn-ín. Kjeldahl kì í rí púrótéènì, náítírójìn ló ń kà, wọ́n á wá fi 6.25 sọ ọ́ di púpọ̀ láti rí iye púrótéènì. Glycine tí kò wọ́n, ọ̀kan lára àwọn amino acid tó ń para pọ̀ di púrótéènì, náà ní náítírójìn. Ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n fi ń da melamine, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń ṣe pílásítíìkì, sínú wàrà ní Ṣáínà kí àṣírí tó tú ní 2008. Mo ní kí wọ́n ka amino acid tó dá wà, tí kò so pọ̀ di púrótéènì, lọ́tọ̀. Glycine kún ibẹ̀ fọ́fọ́!

Ìyá Ìbejì
Èmi ò dé láàbù kankan. Melatonin onísúìtì (àfikún tó ń múni sùn), inú ike kan náà: lálẹ́ ọjọ́ kan àwọn ọmọ á sùn fọnfọn, lọ́jọ́ kejì ojú wọn á là kedere. Dọ́kítà wọn fi àyẹ̀wò kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023 hàn mí: nínú oríṣi 25, 22 ni iye inú wọn kò bá ti ara ike mu. Ọ̀kan ò tiẹ̀ ní melatonin rárá. Mo dá a dúró.

Aṣe-kápúsù
Ẹ má da gbogbo ẹ̀bi lé àwa tó ń ṣe é lórí. Vitamin C ń dín kù nínú ike, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi díẹ̀ lé e. Ọwọ́ láàbù náà kì í sì í tọ́ nígbà gbogbo. Ní 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ New York fi àyẹ̀wò DNA sọ pé ọ̀pọ̀ àfikún eléwé kò ní ewé tí wọ́n kọ sára ike. Ewé tí wọ́n ti fi ooru àti ọtí fún omi inú rẹ̀, DNA mélòó ló kù níbẹ̀?

Òṣìṣẹ́ láàbù
Mo gbà lórí DNA. Vitamin C tó lé díẹ̀ kò ní wàhálà, ìtọ̀ ló máa gbé e jáde. Vitamin D ńkọ́? Ara ń tọ́jú ìyẹn pa mọ́, ẹ má fi lé e bó ṣe wù yín.

Agbérin, tí ẹ bá tún ń lọ, ike tí ẹ ò tíì ṣí ni kí ẹ gbé dání, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn. Kí ẹ sì bi wọ́n ní ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.