Ẹ wá sọ ohun tí citric acid ti fojú yín rí

Oníkẹ́tùlù
Ẹ káàsán o ẹ̀yin ará ilé, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ tèmi. Kẹ́tùlù iná tí mò ń lò, nǹkan funfun kan ló gbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ẹ̀ tó le bí òkúta, tí mo bá da omi sí kọ́ọ̀bù màá rí ìpẹ̀pẹ̀ tó ń léfòó, mo fi kànìnkànìn ha á títí ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ bó, kò lọ. Ẹnì kan wá ní kí n ra citric acid, ìyẹ̀fun kan tó jọ ṣúgà (ẹ má kó òun àti ṣúgà síbi kan náà o, mo bẹ̀ yín, mo ti fi sínú tíì rí). Mo bu ṣíbí kan sínú omi, mo sè é, mo pa á, mo fi í sílẹ̀. Ó ń hó ṣùùù! Kò tó 20 ìṣẹ́jú tí mo fi ń rí ojú ara mi nínú kẹ́tùlù.

Ayọ̀ yẹn ló kó bá mi. Mo gbé omi yẹn, mo dà á sórí kàǹtà mábù ní kíṣìnnì, mo ní kó bá mi nu ìdọ̀tí ibẹ̀ náà. Ìgbà tí màá fi padà dé, gbogbo ibi tómi yẹn kàn ti ṣá, kò dán mọ́, bí ẹni fi yanrìn ha á. Mo pe ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mábù, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ rín. Ó ní nǹkan inú kẹ́tùlù yẹn àti mábù, calcium carbonate, irú nǹkan tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, ni méjèèjì, ṣé mo rò pé ásíìdì mọ èyí tí mo fẹ́ àti èyí tí mi ò fẹ́ ni? Àfi kí wọ́n tún fi ẹ̀rọ lọ ojú ẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Pẹ̀lẹ́ o. Mábù tìẹ ṣì ṣeé lọ, eyín ni tèmi. Wọ́n ní omi lẹ́mọ́ọ̀nù dáa láràárọ̀, mo ń mu ún, bí mo bá ti mu ún tán ni mo máa ń fọ eyín lójú ẹsẹ̀, èmi rò pé ìmọ́tótó ni. Ó tó ọdún kan kí omi tútù tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí léyín bí abẹ́rẹ́. Dókítà eyín wò ó, ó ní awọ líle tó bo eyín mi ti ń tán lọ. Ó ní tí nǹkan bá ti kan débi pé pH ẹ̀, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń wọn bí nǹkan ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré sí ló ṣe kan sí), ò tó 5.5 awọ yẹn á máa rọ̀, ti lẹ́mọ́ọ̀nù dẹ̀ wà ní nǹkan bíi 2, èmi wá ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá èyí tó rọ̀ yẹn dànù lójoojúmọ́. Ní báyìí mo ń fi sítúrọ́ọ̀ mu ún, màá fi omi lásán fọ ẹnu, ó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó fọ eyín.

Ẹ̀gbọ́n Táńkì
Ọdún 6 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Àpò 25 kílò la máa ń tú. Tóo bá já ẹnu àpò yẹn láìbo imú, wàá sín títí omi á fi máa bọ́ lójú ẹ, tí ọgbẹ́ kékeré bá wà níka ẹ ńkọ́, ọjọ́ yẹn lo máa mọ̀ pé o lọ́gbẹ́. Òun ló ń jẹ́ kí ọtí náà kan díẹ̀, òun kan náà la tún fi ń fọ páìpù àti táńkì. Ó wà nínú ọṣẹ ìfọṣọ pẹ̀lú, torí ó máa ń di kálísíọ́mù inú omi mú kí ọṣẹ ráyè hó.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kò sí lẹ́mọ́ọ̀nù kankan ńbẹ̀. Lóòótọ́ omi lẹ́mọ́ọ̀nù ni Scheele, onímọ̀ kẹ́míkà kan, ti yọ ọ́ ní Sweden lọ́dún 1784, lẹ́mọ́ọ̀nù Ítálì ni wọ́n dẹ̀ fi ń ṣe é fúngbà pípẹ́, àmọ́ lọ́dún 1917 James Currie, onímọ̀ kẹ́míkà kan ní Amẹ́ríkà, rí i pé olú dúdú kan, Aspergillus niger, máa ń sọ ṣúgà di citric acid, nígbà tó fi di 1919 ilé iṣẹ́ Pfizer, àwọn tó ń ṣe oògùn, ti ń fi ṣiṣẹ́. Ẹ mọ dúdú bí èédú tó máa ń wà lábẹ́ èèpo àlùbọ́sà tó ti pẹ́ nílẹ̀? Irú ẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì
Yéè! Ṣé olú wá ni mò ń mu látọjọ́ yìí ni?

Ẹ̀gbọ́n Táńkì
Rárá o Ìyá Ìbejì, wọ́n ti sẹ́ olú yẹn kúrò. Ara yín gan-an ń ṣe citric acid bẹ́ẹ ṣe jókòó yìí, òun ni ara fi ń sọ oúnjẹ di agbára.

Àbíkẹ́yìn
Èmi ò ní sọ púpọ̀. Mo da citric acid sí ṣáláńgá inú ilé, kò tètè mọ́, mo wá da bílíìṣì lé e. Gáàsì tó jáde níbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Mi ò rántí bí mo ṣe débi fèrèsé, mo kàn rí i pé mo ti yọrí síta bí alángbá, mò ń wúkọ́.