Jaipur ni mò ń lọ, ọmọ mi ní àfi ká rí ẹkùn

Onílẹ̀kẹ̀ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìparí oṣù kọkànlá ni mò ń lọ ra òkúta ìlẹ̀kẹ̀ ní Jaipur, ní Rajasthan, ilẹ̀ Íńdíà. Tí mo bá rajà tán, ó ku ọjọ́ mẹ́ta gbáko ká tó wọ bàálù padà. Ọmọ mi obìnrin ń bá mi lọ, ọ̀rọ̀ ẹranko ló sì gbà á lọ́kàn. Ó ní dandan, a gbọ́dọ̀ rí ẹkùn onílà, ká tún dé aṣálẹ̀ Jaisalmer lọ wo ẹyẹ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Great Indian Bustard. Ṣé ọjọ́ mẹ́ta lè gbé e? Bàbá rẹ̀ ní ká lọ wo ọ̀bọ ní Lẹ́kkí, pé ìyẹn ò gba físà.

Bọ̀dá Ojúẹlẹ́gba:
Àǹtí mi, kò lè gbé e. Jaipur sí Jaisalmer lé ní 500 kìlómítà. Ranthambore, igbó ọba tí ẹkùn wà, ni kí ẹ lọ. Ẹ wọ rélùwéè dé Sawai Madhopur, kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì sí mẹ́ta. Àárọ̀ àti ọ̀sán ni wọ́n ń wọgbó. Ẹ tètè gba ààyè sílẹ̀, torí wọn kì í jẹ́ kí ọkọ̀ pọ̀ jù nínú igbó, pásípọ́ọ̀tù tí ẹ bá sì fi gbà á gan-an ni kí ẹ mú dání. Ẹkùn ò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn o! Ẹ sọ fọ́mọ.

Nọ́ọ̀sì Yábàá:
Káàdì yẹ́lò ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú yẹn gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kí ẹ tó débẹ̀. Ẹni tó bá ti Nàìjíríà lọ láìní i, wọ́n lè sé e mọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Tọmọ náà wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹyẹ Jaisalmer yẹn, èyí tó kù nínú igbó ò tó 200. Kì í tètè rí ohun tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, wáyà iná ló ń fò lù kú. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nílò ọjọ́ púpọ̀. Ẹ gbé súwẹ́tà o, òtútù ìdájí nínú mọ́tò tí òkè rẹ̀ ṣí kì í ṣe ọyẹ́ tiwa.

Alhaja Agége:
Èmi ò tiẹ̀ fara mọ́ ti ẹkùn yìí. Ẹ mú ọmọ lọ sí abúlé àwọn Bishnoi lẹ́bàá Jodhpur. Ẹ̀sìn wọn ò gbà kí wọ́n pa ẹranko tàbí kí wọ́n gé igi tútù. Lọ́dún 1730, ọba rán èèyàn wá gégi ní Khejarli. Obìnrin kan, Amrita Devi, ló kọ́kọ́ dì mọ́ igi. Èèyàn 363 ni wọ́n pa, òun náà sì wà nínú wọn. Títí di òní, ẹtu dúdú oníwo lílọ́ ń jẹko létí oko wọn láìbẹ̀rù. Èyí wù mí ju kí mọ́tò máa sáré tẹ̀lé ẹkùn kan.

Onílẹ̀kẹ̀ Ìdúmọ̀tà:
Háà, Alhaja! Mo ka ìyẹn fún un, ẹkùn ti fẹ́ di ẹni ìgbàgbé. Ṣé rélùwéè dé Jodhpur láti Jaipur?

Alhaja Agége:
Ó dé ibẹ̀, nǹkan bíi wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ibi tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò l'Ékòó, ó máa ń tán.