Káàdì àjọ màámi ló kọ́ mi ní database. Ẹ wá sọ tiyín

Ọmọ Alájọ, Ìbàdàn

Alájọ ni màámi, lọ́jà Bódìjà. Wọn kì í ṣe alájọ Ṣómólú tó ń gbàjọ láìkọ orúkọ ẹnì kankan sílẹ̀ o. Káàdì àti ìwé ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn. Ẹ ó mọ káàdì náà: orúkọ oníbàárà lókè, àpótí kéékèèké 31 nísàlẹ̀. Bí o bá sanwó, wọ́n á fi bírò fàlà sí àpótí kan lórí káàdì rẹ, wọ́n á tún fàlà sí i nínú ìwé tiwọn. Tóṣù bá parí, owó ọjọ́ kan ni tiwọn, ìyókù di tìẹ.

Ní 2021 mo ra laptop àlòkù kan, mo ní màá kó ìwé yẹn sínú kọ̀ǹpútà. SQLite ni mo mú, ìyẹn irinṣẹ́ kan tó ń ṣe database, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to àkọsílẹ̀ sí, torí fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀, kò sì ń jẹ dátà lẹ́yìn tí o bá ti gbé e wọlé. Dátà tí mo mọ̀ nígbà yẹn kò kúkú ju èyí tí à ń rà sórí fóònù lọ.

Mo gbé káàdì kan síwájú, mo ṣe table (àtẹ tó ní ìlà àti òpó) tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́: orúkọ, fóònù, ọjọ́1, ọjọ́2, títí dé ọjọ́31. Mo pe màámi kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó jọ ọ́. Ìyá Ẹlẹ́ran san ti ọjọ́ mẹ́ta pọ̀ lánàá, níbo ló ti hàn pé àná ló san án?" Kò hàn níbì kankan. Nínú ìwé tiwọn, wọ́n ti kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Mi ò tíì gbọ́n. Nígbà tí oṣù yí, mo ṣe table mìíràn fún Fẹ́búárì, òmíràn fún Máàṣì. Ìyá Ẹlẹ́ran kì í gba owó rẹ̀ lóṣooṣù bíi tàwọn yòókù. Lọ́jọ́ tó wá béèrè iye tó ti kó jọ látìgbà tọ́dún ti bẹ̀rẹ̀, column (òpó) 93 inú table mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo tò mọ́ra: ọjọ́1 + ọjọ́2 + ọjọ́3... Ọwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Mo tẹ Enter, òfìfo ló jáde. Kì í ṣe òdo o, òfìfo. Nínú SQL, èdè tí a fi ń bá database sọ̀rọ̀, àpótí tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀, NULL ni. NULL kan ṣoṣo bá bọ́ sáàárín àròpọ̀ báyẹn, gbogbo ẹ̀ á di NULL. Obìnrin náà kì í sanwó lọ́jọ́ Àìkú.

Bùọ̀dá kan ládùúgbò tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n da ojú káàdì náà délẹ̀, wọ́n kọ nǹkan méjì sẹ́yìn rẹ̀. Oníbàárà: nọ́ńbà tirẹ̀, orúkọ, fóònù. Ìsanwó: nọ́ńbà oníbàárà, iye, ọjọ́ tó san án. "Owó kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé, ìlà tirẹ̀ ni. Káàdì tí ò ń wò yẹn, ojú lásán ni. Àwọn ìlà yìí ni wàá fi yà á nígbà tó bá wù ẹ́." Column 93 wá di ìlà kan ṣoṣo, tó ní kí kọ̀ǹpútà ro gbogbo iye tí oníbàárà 14, ìyẹn Ìyá Ẹlẹ́ran, san pọ̀:

SELECT SUM(iye) FROM isanwo WHERE onibara = 14;

Ó pẹ́ kí n tó kà á pé Edgar Codd, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM l'Amẹ́ríkà, ti kọ irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti 1970, pé ká yé kó àtòkọ sínú àtòkọ.

Nọ́ńbà oníbàárà yẹn kọ́kọ́ bí mi nínú. Ṣé orúkọ ò tó ni? Mo ṣí ìwé, mo bá Ìyá Ìbejì mẹ́ta. Màámi ti yanjú tiwọn tipẹ́: Ìyá Ìbejì Aláta, Ìyá Ìbejì Onírẹsì, Ìyá Ìbejì Pupa.

Ti fóònù, ẹ má bi mí. Mo pè é ní INTEGER, ìyẹn nọ́ńbà tí a lè fi ṣe ìṣirò, òdo iwájú sì pòórá lára gbogbo nọ́ńbà: 0803 di 803. TEXT, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán, ni kí ẹ fi ṣe é.

Ará Peckham

Tèmi kò ju àmì ohùn lọ. Mò ń fi Python, èdè kan tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe ìwé orúkọ fún ìjọ wa níbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo kọ "Ṣẹ́gun" sínú ẹ̀, mo ń wò ó lójú báyìí, tí mo bá wá "Ṣẹ́gun", kọ̀ǹpútà á ní kò sírú ẹ̀. Òru méjì ni mo fi jókòó tì í.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó jẹ́ ẹ́. Ẹyọ-ẹyọ la fi ń tò ó: bọ́tìnnì fóònù kan lè kọ ẹ, kó wá gbé àmì lé e, òmíràn lè kọ é, kó wá gbé tótò sí i nídìí. Ojú wa kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ti kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Ohun tó gbà mí ni unicodedata.normalize("NFC", orukọ), tó ń sọ ọ̀nà méjèèjì di ọ̀kan, kí n tó fi orúkọ pamọ́, àti kí n tó wá a. Mo tún fi column kan kún un fún orúkọ láìsí àmì rárá, torí ká sọ òótọ́, ta ló ń fi àmì sórúkọ ara ẹ̀ lórí fóònù?

Onísìmẹ́ǹtì

UPDATE (àṣẹ tó ń yí nǹkan padà) láìsí WHERE (tó ń sọ ìlà tó kàn). Iye ìṣó ni mo fẹ́ yí padà. Gbogbo ọjà inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ló di ₦150, títí kan àpò sìmẹ́ǹtì. Oníbàárà tó kọ́kọ́ rí i ní kí a di mẹ́wàá fún òun. Àtìgbà náà, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan nǹkan kan láìkọ BEGIN ná, kí n lè rí ROLLBACK, tó ń dá gbogbo ẹ̀ padà sí bó ṣe wà, sá sí.

Ọmọ Alájọ, ṣé màmá yín ti wá ń lo kọ̀ǹpútà báyìí?

Ọmọ Alájọ, Ìbàdàn

Rárá o. Bírò ni wọ́n ń lò lọ́jà, èmi ni mò ń kó o wọlé lálẹ́ bí iná bá wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìṣirò tiwọn àti ti kọ̀ǹpútà fi ₦500 yàtọ̀ síra. Èmi ni mo tẹ ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì.