Ọmọkùnrin ọdún 22 tí ọpọlọ rẹ̀ lọ́ra, ìyá nìkan ló ń tọ́jú rẹ̀: níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọÌyàrà béèrè:
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá kan ní ìgbèríko Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, ni mò ń bá béèrè. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ "wá," "jókòó," "gbé e wá," àmọ́ kò lè dá wẹ̀. Wárápá ń gbé e bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù. Bí ọjọ́ ọjà bá pé, á ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbígbé e jókòó ní balùwẹ̀ ti ba ìyá lẹ́yìn jẹ́. Àwọn kan ní kí wọ́n so ó mọ́lẹ̀, àwọn kan ní orí òkè àdúrà ló kàn. Kí ni kí ìyá kọ́kọ́ ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a lẹ́bi, ará ilé ti ṣe ìyẹn tó.

Olùkọ́Kabba:
Ìwẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, òun ló ń pa ẹ̀yìn ìyá. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fẹ́ kọ́ ọmọ ní gbogbo ìwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ọmọ yìí, láti ìparí la ti ń kọ́ ọ bọ̀ wá síbẹ̀rẹ̀. Ẹ pín ìwẹ̀ sí mẹ́jọ: bọ́ aṣọ, bu omi sára, fi ọṣẹ sí kànìnkàn, fọ apá àti abíyá, fọ àyà àti ikùn, fọ abẹ́ àti ìdí, fọ ẹsẹ̀, bu omi ṣan ara. Ìyá á ṣe méje bó ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Tó bá kan ìkẹjọ, á fi igbá lé ọmọ lọ́wọ́, á di ọwọ́ náà mú, wọ́n á jọ da omi. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, kó di ọrùn-ọwọ́ mú dípò ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kó kàn fọwọ́ kan ìgúnpá, títí tó fi máa jẹ́ pé igbá nìkan ló ń nawọ́ sí. Bí ọmọ bá ti dá ìkẹjọ ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta léra, ẹ bọ́ sí ìkeje. Èyí ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń parí iṣẹ́ lójoojúmọ́.

Ìdajì garawa omi tó. Kí igbá, ọṣẹ àti kànìnkàn máa wà lójú kan náà. Gbólóhùn ìyá ò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ: "Da omi sára." Kó wá ka oókan dé ẹẹ́wàá sínú kó tó tún un sọ. Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń bàjẹ́: ìyá ń sọ̀rọ̀, àbúrò ń sọ̀rọ̀, ìyá àgbà ń ké láti ìta, ọmọ ò wá mọ ẹni tí yóò gbọ́. Ẹ̀bùn kékeré, bí ẹ̀pà mélòó kan, kó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tó wọṣọ tán, kò ní mọ̀ pé torí omi tó dà ni.

Àga oníke tó lápá ni kó máa jókòó sí wẹ̀. Kó jókòó fúnra rẹ̀, kí ìyá jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀. Kí gbígbé kúrò níbẹ̀ pátápátá.

Nọ́ọ̀sìYàgbà:
Olùkọ́ ò ṣì sọ, àmọ́ wárápá ni èmi ì bá fi ṣíwájú. Ẹni tó ń gbé lẹ́ẹ̀mẹta lóṣù ò gbọdọ̀ dá wà nídìí iná tàbí kànga. Bó bá gbé e, ẹ wo aago. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ sábẹ́ orí, ẹ sún òkúta àti igi kúrò, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín ni yóò kán. Ẹ má da àgbo tàbí ìtọ̀ màlúù sí i lẹ́nu, ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Tó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tí òmíràn gbé e kí ojú rẹ̀ tó là, ilé ìwòsàn ni.

Oògùn tí wọ́n sábà máa ń kọ fún un ni phenobarbital tàbí carbamazepine, dókítà ló ń yan ìwọ̀n. Ilé ìwòsàn ECWA ní Ẹ̀gbẹ̀ tàbí ti ìjọba ní Kabba lẹ lè kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó ronú Lọ́kọ́ja. Iṣẹ́ ti ìyá ni pé kí oògùn má tán: bó bá ku ti ọjọ́ méje, kó ti máa wá òmíràn. Wárápá ò gbé e fún oṣù méjì, wọ́n á ní ó ti san, wọ́n á dá oògùn dúró lójijì. Ìgbà náà ló máa ń gbé wọn léraléra láìlajú. Phenobarbital lè mú kí ọmọ máa sùn ṣáá, ó sì lè mú kó di oníbìínú tí kì í jókòó jẹ́ẹ́. Ìyẹn kọ́ ni ẹ̀mí òkùnkùn o, ẹ sọ fún dókítà kó wò ó. Carbamazepine ní tirẹ̀ kì í bá erythromycin, oògùn apakòkòrò kan, rẹ́: ẹni tó lo méjèèjì pọ̀ lè máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Torí náà kí ìyá mú páálí oògùn dání bó bá ń lọ ra ti ibà tàbí ti ikọ́.

Ẹni tí kò lè sọ pé "ó ń dùn mí" máa ń fi ìwà sọ ọ́ ni. Bó bá ṣàdédé ń gbá ara rẹ̀ létí tàbí tó kọ oúnjẹ, ẹ wo eyín rẹ̀, ẹ wo etí, ẹ béèrè ìgbà tó yàgbẹ́ kẹ́yìn. Ìyẹn ṣíwájú òkè àdúrà. Iyán náà: òkèlè rẹ̀ ò gbọdọ̀ ju èkúrọ́ lọ, kó jókòó ṣánṣán, kó gbé e mì tán kó tó bu òmíràn.

BabaOníkajú:
Okùn ò lè borí ọjọ́ ọjà. Ó ń bó ọrùn-ẹsẹ̀, bí iná bá sì ṣẹ́ yọ nílé, ẹni tí wọ́n so ò ní lè sá. Òfin ìjọba àpapọ̀ wà fún àwọn aláàbọ̀ ara, wọ́n buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní 2019: ẹni tó bá fi àbùkù ara yan ènìyàn jẹ lè san 100,000 náírà tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Ó ń lọ ọjà torí ó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ, kó ní ẹrù tó ń gbé, kó sì mọ ìyálọ́jà tó ń gbé e fún. Ẹ rán nọ́ńbà fóònù ènìyàn méjì sínú ẹ̀yìn ọrùn aṣọ rẹ̀, gbogbo aṣọ o, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ fi fọ́tò rẹ̀ tuntun hàn àwọn ọlọ́kadà ní páàkì.

Iṣẹ́ kajú bá irú wọn mu, láti oṣù kejì sí ìkẹrin. Èyí tó ti já bọ́ nìkan ni kó ṣà. Á di èso mú lọ́wọ́ kan, á fi ọwọ́ kejì lọ́ kóró yọ. Ẹ fún un ní ike kékeré, kì í ṣe àpò: ike á kún lójú rẹ̀, àpò ò ní kún títí ilẹ̀ á fi ṣú, á sì sú u. Owó rẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sí i lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àmọ́ kó má sun kóró náà, kó má fọ́ ọ. Epo inú èèpo rẹ̀ ń jó ara bí ásíìdì.

Nọ́ọ̀sìYàgbà:
Baba, kó má gun igi náà rárá, kó má mú àdá dání. Bàtà òjò sì dára torí ejò.

ỌmọMọ̀pàDarwin:
Darwin ní Ọsirélíà ni mo wà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibí, nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wọn, ìyá ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ìyá lóbìnrin, ìtọ́jú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò sì já lé ẹnì kan lórí. Ètò ìjọba kan wà tí wọ́n ń pè ní NDIS, òfin rẹ̀ jáde ní 2013, ó ń sanwó olùrànlọ́wọ́ fún àwọn aláàbọ̀ ara. Síbẹ̀ ní àwọn ìgbèríko tó jìnnà, owó lè wà lórí ìwé kí òṣìṣẹ́ má sí, ẹbí náà ló ń padà rù ú.

Lọ́dọ̀ wa, owó yẹn ò sí. Ẹ yáa lo ẹbí. Ẹ yan ẹni méjì nísinsìnyí tí ìyá ṣì lè kọ́ wọn. Kí ọmọ sùn lọ́dọ̀ èkíní ní òru kan lọ́sẹ̀, lẹ́yìn oṣù kan kó di òru méjì. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ gbà á lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá ò ní mọ oògùn rẹ̀, ọmọ ò sì ní mọ ilé. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìkọ̀wé kan: orúkọ oògùn àti wákàtí rẹ̀, oúnjẹ tó ń hà á lọ́fun, àmì tó ń ṣe bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n. Ìpín rẹ̀ nínú ilẹ̀ bàbá rẹ̀ náà, kí àwọn àgbà ẹbí sọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

ỌmọÌyàrà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Olùkọ́, bí omi bá kan orí rẹ̀, ariwo ló ń pa, á sì ta igbá nù. Báwo ni ti ìyẹn?

Olùkọ́Kabba:
Ẹ yọ orí kúrò nínú ìwẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bọ̀ wá sókè, kẹ́ ẹ dúró ní èjìká. Aṣọ tútù tẹ́ ẹ ti fún dáadáa lẹ ó fi nu orí. Kí òun fúnra rẹ̀ di tówẹ̀lì gbígbẹ mọ́ ojú: omi tó ń wọ ojú ló sábà máa ń bà wọ́n lẹ́rù. Tí orí bá ti gba aṣọ tútù fún ọ̀sẹ̀ kan láìsí ariwo, ẹ fi ọwọ́ bu omi díẹ̀ sí ìpàkọ́. Ìpàkọ́ o, kì í ṣe iwájú orí.