Oníbàárà jẹ́wọ́ fún lọ́yà, ó tún fẹ́ lọ búra èké: kí ni ṣíṣe?

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ká ní olùjẹ́jọ́ sọ fún lọ́yà rẹ̀ pé òun lòun gún ẹni yẹn lọ́bẹ, tó sì júwe ibi tí òun ri ọ̀bẹ náà mọ́. Ìgbẹ́jọ́ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó ní òun máa búra pé òun ò sí níbẹ̀. Ṣé kí lọ́yà jáwọ́ ni? Ọ̀bẹ yẹn ńkọ́?

WíìgìÀtijọ́
Ìjẹ́wọ́ yẹn, ikùn lọ́yà ló máa gbé. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá ni; kò gbọ́dọ̀ dé etí ọlọ́pàá, adájọ́, àní ìyàwó lọ́yà pàápàá. Irọ́ tó fẹ́ lọ pa ló yàtọ̀. Ní 1986, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ẹ̀tọ́ láti ní lọ́yà kì í ṣe ẹ̀tọ́ láti rí ẹni tí yóò báni gbé irọ́ kalẹ̀.

Kí lọ́yà pè é sí kọ̀rọ̀. Kó sọ fún un pé kò pọn dandan kó jẹ́rìí, pé ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ìbúra èké, àti pé bó bá parọ́, tó kọ̀ láti tún un ṣe, òun lè ní láti sọ fún adájọ́.

Jíjáwọ́ ò yanjú ẹ̀. Bí ẹjọ́ bá ti súnmọ́lé, adájọ́ ló máa fọwọ́ sí i, ohun tí lọ́yà sì lè sọ ò ju "ọ̀rọ̀ ìlànà iṣẹ́ ni" lọ. Oníbàárà á wá gbọ́n, kò ní jẹ́wọ́ fún lọ́yà kejì, irọ́ náà á sì wọ kóòtù wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹlẹ́ríÌdákẹ́
Àwọn ibì kan gbà kó dá ro ẹjọ́ ara rẹ̀: lọ́yà á bi í pé "kí ló ṣẹlẹ̀?", á dákẹ́, kò sì ní lo ọ̀rọ̀ náà nígbà àsọkágbá. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Adájọ́ tójú ẹ̀ là á ti mọ̀ pé nǹkan ń rùn.

Ọ̀bẹ: kí lọ́yà má fọwọ́ kàn án rárá. Bó bá wà níbi tó wà, lọ́yà lè dákẹ́. Bó bá gbé e, ó di dandan kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ilé ẹjọ́ California tún sọ ní 1981 pé bí ẹni tó ń bá lọ́yà ṣiṣẹ́ bá ti gbé ẹ̀rí kúrò, ibi tí wọ́n ti rí i kì í ṣe àṣírí mọ́. Bó bá sì gba oníbàárà nímọ̀ràn pé "lọ jù ú sódò," òun alára ti di ọ̀daràn.

Akẹ́kọ̀ọ́Òfin
Ẹ ṣeun. Bí wọ́n bá wá ti fi ẹlòmíì sẹ́wọ̀n nítorí ẹ̀ ńkọ́?

WíìgìÀtijọ́
Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Ní Chicago ní 1982, oníbàárà kan jẹ́wọ́ fún lọ́yà rẹ̀ méjì pé òun lòun pa ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ mú ẹlòmíì. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìbúra, wọ́n fi èdìdì dì í, wọ́n tì í mọ́nú àpótí. Ọdún 26 ni aláìṣẹ̀ lò lẹ́wọ̀n. Ohun tó yọ ọ́ ni pé oníbàárà ti gbà kí wọ́n tú u bí òun bá kú. Ó kú ní 2007, wọ́n sọ ọ́ ní 2008. Òfin Massachusetts, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gba lọ́yà láyè láti sọ̀rọ̀ nínú irú ọ̀ràn báyìí. Ọ̀pọ̀ ibòmíì ò gbà á. Nítorí náà kí lọ́yà tètè gba àṣẹ yẹn ní kíkọ, kí oníbàárà fọwọ́ sí i, torí ikú nìkan ò tú àṣírí: Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà tún sọ bẹ́ẹ̀ ní 1998.