Aṣọ FESTAC bàbá wa ti ní ìpẹtà: báwo ni kí n ṣe fọ̀ ọ́ tí ò ní bàjẹ́?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé. Lẹ́yìn òkú bàbá wa ní Kàdúná, nígbà tí wọ́n pín ẹrù, àpótí páànù wọn ló kàn mí. Gbogbo ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo ṣí i. Ọ̀pá mẹ́rin aṣọ FESTAC ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, abẹ́rẹ́ ò kàn án rí. Ojú Ìdíà, ìyá ọba Bìní, tí wọ́n fi ṣe àmì FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977 yẹn, ló kún ara rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú FESTAC, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n ti gun ẹṣin Dọ́bà rẹ̀, bàbá wa sì máa ń sọ pé eruku ọjọ́ yẹn ò tíì tán nímú àwọn.

Aṣọ náà ò rí bó ṣe yẹ mọ́. Ibi tó ti kan ìdérí àpótí ti ní àmì pupa tó jọ ìpẹtà. Gbogbo ojú ibi tí wọ́n ká a sí ti pọ́n bí omi tíì. Igun kan ní àbàwọ́n dúdú tó tó àtẹ́lẹwọ́, mi ò mọ̀ bóyá epo ni tàbí omi ọbẹ̀. Ó tún ń rùn kánfọ̀. Àbúrò mi ní kí n rẹ ẹ́ sínú blíìṣì mọ́jú. Ọwọ́ mi ò gbé e. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌYÁ ÌBEJÌ, GWARINPA
Blíìṣì kẹ̀! Ẹ má dán an wò. Mo fi fọ aṣọ tí a dá fún òkú ìyá àgbà wa, èyí tí wọ́n tẹ àwòrán wọn sí. Ojú ìyá àgbà parẹ́ pátá, gèlè ló kù. Nígbà tí mo wá ń fún un, ó fà ya bí ìwé. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínígà, ìyẹn ló máa ń di àwọ̀ mú.

ALÁGBÀFỌ̀, NYANYA
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, ọwọ́ ìyá wa ni gbogbo wa ti bá ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn. Iyọ̀ ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń rẹ aṣọ sínú àwọ̀ kan. Èyí tí ilé iṣẹ́ ti tẹ̀ parí, bó bá máa ṣí, inú omi iyọ̀ àti fínígà náà ni yóò ti ṣí.

Kí omi tó kàn án rárá, ẹ gbọn eruku rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbá a jẹ́jẹ́ sí apá kan, tojú tẹ̀yìn. Eruku ọyẹ́ tó bá pàdé omi nínú òwú, ẹrẹ̀ ló ń dà, a sì máa wọnú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ dán àwọ̀ wò. Ẹ mú aṣọ funfun kékeré, ẹ fi omi rẹ ẹ́, ẹ gbé e lé etí ibi tí ojú ò ní tètè rí, kí ẹ fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ máa ṣe é fún o! Àwọ̀ ewé lè dúró kí pupa máa sá. Ẹ tún fi omi ọṣẹ ṣe bákan náà. Bí aṣọ funfun yẹn bá ti gba àwọ̀, ọ̀rọ̀ omi parí níbẹ̀.

Bí kò bá ṣí, ó di omi tútù àti ọṣẹ olómi díẹ̀ tí kò ní blíìṣì. Ẹ tẹ́ aṣọ náà sórí néètì ẹ̀fọn tó mọ́ kí ẹ tó rì í, kó jẹ́ pé néètì lẹ máa gbé dìde. Òwú tó ti gbó, bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ìwúwo ara rẹ̀ nìkan lè fà á ya. Ẹ má ra á lọ́wọ́, ẹ má fún un, ẹ kàn máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Omi àkọ́kọ́ á pọ́n, ẹ má jáyà, ohun tó sọ ojú ibi kíká di pípọ́n ló ń jáde. Ẹ máa pààrọ̀ omi títí á fi mọ́.

Ti ìpẹtà ló le. Blíìṣì ń mú un burú sí i ni. Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń yọ ọ́ lára aṣọ funfun, èmi náà ń lò ó, ṣùgbọ́n kíkan rẹ̀ lè gba àwọ̀ lọ, bó bá sì gbẹ mọ́ òwú, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ti èmi bá ni, mi ò ní fi kan aṣọ yín. Áyọ́ọ̀nù náà ńkọ́? Ẹ gbé e jìnnà. Iná ló ń se àbàwọ́n mọ́ aṣọ lára.

SÙBÉRÙ, ZARIA
Omi wo gan-an? Irin wà nínú omi bóòhóòlù míì, ẹ wo bí ìsàlẹ̀ táǹkì ṣe ń pọ́n. Ẹni tó fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ ìpẹtà, ìpẹtà ló fi kún ìpẹtà. Èmi máa ń ra omi bátìrì lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bátìrì mọ́tò.

ALÁGBÀFỌ̀, NYANYA
Ti bóòhóòlù yẹn, òdodo ọ̀rọ̀. Àmọ́ omi bátìrì! Irú ike kan náà ni wọ́n ń rọ ásíìdì sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, ẹ ò sì ní fi ojú mọ̀ ọ́n. Ásíìdì kì í fi òwú ṣeré. Ẹ ra àpò píọ̀wọ́tà méjì, kí ẹ fi ṣan án gbẹ̀yìn.

ÌYÁ ÀDÌRẸ, KÁNÒ
Ẹ má sá a sóòrùn o. Mo ní àdìrẹ Olóba méjì tí ìyá ìyá mi fi sílẹ̀, irú èyí tó jáde nígbà ayẹyẹ ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ayaba rẹ̀ ní 1935. Mo fọ ọ̀kan, mo sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé wa níbí. Apá tó kọjú sóòrùn ti ṣí títí dòní. Ìkejì ṣì ń kùn mí lọ́wọ́ bí mo bá gbé e, aró ni, bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Mi ò fọ̀ ọ́ mọ́.

OLÓWÓ ORÍ ANKÁRÁ, WUSE
Èmi tí mò ń kó aṣọ àtijọ́ jọ, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló ní kí ẹ fọ̀ ọ́? Aṣọ tí wọn ò rán rí, dídán ojú rẹ̀ yẹn, sítáàṣì ilé iṣẹ́ ló fà á. Bó bá wọ omi lẹ́ẹ̀kan, ó lọ nìyẹn, kò sí áyọ́ọ̀nù tó lè dá a padà. Sítáàṣì yìí kan náà ni kòkòrò ń jẹ, nítorí náà ẹ gbé e kúrò nínú àpótí páànù, ẹ má ká a mọ́, ẹ yí i mọ́ nǹkan gbọọrọ. Ẹ wo etí aṣọ dáadáa kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, bí ilé iṣẹ́ bá kọ orúkọ síbẹ̀, ẹ má gé e. Kánfọ̀ ò sì gbọdọ̀ fara kan aṣọ.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ, KUBWA
Mo padà dé. Mo dán an wò bí bàbá alágbàfọ̀ ṣe wí. Àwọ̀ ewé dúró gbọin, dúdú náà dúró. Pupa etí Ìdíà ló tú mi fó, ó kùn sára aṣọ funfun bí ètè ìyàwó. Mi ò jẹ́ kí omi kàn án mọ́. Mo gbá a tojú tẹ̀yìn, mo tẹ́ ẹ sí yàrá tí atẹ́gùn ń gbà kọjá fún ọjọ́ mẹ́rin, òórùn kánfọ̀ ti dín kù. Ìpẹtà wà níbẹ̀, àbàwọ́n dúdú wà níbẹ̀. Eruku tó jáde nínú rẹ̀ tó ṣíbí méjì, ó pupa. Àbúrò mi ní ti Dọ́bà ni. Mo ti yí aṣọ mọ́ páìpù, ó wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù.

ALÁGBÀFỌ̀, NYANYA
Páìpù wo? Bó bá jẹ́ irin, ẹ tètè lọ tú u!

ẸNI TÓ BÉÈRÈ, KUBWA
Páálí ni, bàbá, èyí tí àwọn oníléèsì ń yí aṣọ mọ́. Mo fi aṣọ funfun tí mo ti fọ̀ wé e kí FESTAC tó kàn án.